Gíríìlì olójú mẹ́fà tó ń dán, olójú mẹ́ta tó wúwo, àti tòkunbọ̀: èwo ni ká rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gwarinpa nílùú Àbújá là ń gbé, àwa mẹ́fà la wà nínú ilé, àlejò sì máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Èédú ti sú wa, a fẹ́ ra gíríìlì gáàsì tí a ó máa fi yan ẹja, adìẹ àti súyà. Mẹ́ta la ti rí. Àkọ́kọ́ jẹ́ olójú iná mẹ́fà, ó ń dán yinrin, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Èkejì jẹ́ olójú mẹ́ta, kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà kan tí ẹnì kan tó ń kó kúrò ládùúgbò wa fẹ́ tà. Èwo nínú wọn ni kò ní di páànù àlòkù kí ọdún méjì tó pé? Ìyá Ìbejì, Gwarinpa.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, olójú mẹ́ta yẹn ni kí ẹ rà, bí ó bá yege àyẹ̀wò tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹ fi olójú mẹ́fà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Tòkunbọ̀ lè dára ju méjèèjì lọ, ó sì lè jẹ́ òfo pátápátá. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa sọ fún yín, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á.

Iye ojú iná kọ́ ló ń yan ẹran. Ìwọ̀n iná tó ń bọ́ sórí àyè irin ìyan ni. Ẹ wo pátákó kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gíríìlì tàbí sínú ilẹ̀kùn rẹ̀, agbára iná rẹ̀ wà níbẹ̀ ní kW, ìyẹn kílówọ́ọ̀tì, ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì. Ti Amẹ́ríkà máa ń kọ BTU, ìwọ̀n ooru tiwọn. Ẹ fi 3,412 pín in, ó di kW. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gígùn àti ìbú irin ìyan, ẹ má ṣe ka àgbékà òkè tí wọ́n ń gbé oúnjẹ tó ti jinná sí mọ́ ọn. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní 45, ìyẹn já sí 2,700. Sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ wọ́ọ̀tì mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kW 8 sí 11 ló yẹ kí gíríìlì bẹ́ẹ̀ ní. Bí ó bá kéré sí ìyẹn, kò ní lè mú ara ẹran gbẹ kí ó pọ́n. Ṣe ni yóò máa sè é. Bí ó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, gáàsì lẹ ń sun dànù, irin inú rẹ̀ náà sì ń jó.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ti owó gáàsì. Kílò gáàsì kan lè gbé iná kW 13 fún wákàtí kan. Gíríìlì kW 9 tí ẹ ṣí dé òpin yóò mu bíi gíráàmù 700 ní wákàtí kan, sílíńdà 12.5 kg yóò sì gbé e fún bíi wákàtí 18. Olójú mẹ́fà tó jẹ́ kW 18 yóò gbé sílíńdà kan náà mì láàárín wákàtí mẹ́sàn-án. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò yí padà: ẹ ó máa bọ́ ojú mẹ́ta tí ẹ kò nílò.

Fún ẹni mẹ́fà àti àlejò díẹ̀, 60 ní 45 tó yín. Ìdajì rẹ̀ gba itan adìẹ méjìlá. A kò fẹ́ kí ojú iná kéré ju mẹ́ta lọ, nítorí ẹran tó nípọn. Bí ẹ bá fẹ́ yan odindi adìẹ tàbí àrọ̀ ńlá tí ẹ rà ní ọjà ẹja Kado, ojú ọ̀tún nìkan lẹ máa tàn, ẹ ó gbé e sí apá òsì tí kò níná, ẹ ó sì dé ìdérí. Ooru yóò yí i ká, inú rẹ̀ yóò jinná kí ara tó jó. Olójú méjì náà lè ṣe é, àyè rẹ̀ ló há jù fún ilé yín.

Inú ni gíríìlì ti ń kú, kì í ṣe ara. Bọ́nà, ìyẹn páìpù oníhò wẹ́wẹ́ tí iná ń gbà yọ, àti irin tó bò ó lórí bí òrùlé kí ọ̀rá má baà kán sínú ihò rẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ló ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn wọn ni àpótí iná tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kí ọjà rẹ̀ dán kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ yóò fi irin tó dára sí ojúde, yóò fi páànù sínú. Torí náà, ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí ìdérí, ẹ gbé irin ìyan kúrò, ẹ gbé irin ìbòrí náà kúrò, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú.

Ẹ mú òòfà kékeré dání, ti inú sípíkà àtijọ́ tó. Stainless méjì ló wọ́pọ̀ lára gíríìlì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 304 ní nickel nínú, òòfà kì í gbá a mú. 430 kò ní in, òòfà ń lẹ̀ mọ́ ọn gbọin-gbọin. Bọ́nà 304 ni kí ẹ wá. Bí òòfà bá lẹ̀ gbọin-gbọin mọ́ bọ́nà tí òǹtajà sọ pé 304 ni, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n bí kò bá lẹ̀, ìyẹn nìkan kò tíì tó, torí irú kan wà tí ń jẹ́ 201, manganese ni wọ́n fi rọ́pò èyí tó pọ̀ jù nínú nickel rẹ̀. Òòfà kì í fà á, ó sì ń dípẹtà kíákíá ju 304 lọ. Nítorí náà, ẹ tún wo bí páìpù náà ṣe nípọn tó ní ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Páìpù tó bá tẹ̀ wọlé lábẹ́ ọwọ́ lásán kò ní la ọ̀pọ̀ oṣù iná já. Bọ́nà irin dídà tàbí idẹ dídà náà dára, ó kàn jẹ́ pé irin dídà ń fẹ́ kí ẹ fi epo pa á lára nígbà òjò.

Ti ara òde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń jẹ irin ní Lẹ́kki àti Badagry kò dé Àbújá. 430 tó nípọn, tàbí irin tí wọ́n kùn dáadáa, tó fún ìdérí àti ilẹ̀kùn níbí, bí ẹ bá ń bò ó nígbà òjò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àfi 316 tí wọ́n ń lò lórí ọkọ̀ ojú omi, owó yín ló fẹ́ gbà. Àpótí iná ni kí ẹ fi owó náà sí: alumíníọ̀mù dídà, irú èyí tí àwọn tó ń da ìkòkò ń lò, kì í dípẹtà rárá, òun ló sì ń pẹ́ jù. Irú rẹ̀ ló wà lára gíríìlì Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Weber Spirit. Páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n ká, tí wọ́n fi ìdè wẹ́wẹ́ so pọ̀, ni ẹ máa bá lára àwọn tó rọrùn lówó. Láti igun tí ọ̀rá ń gbé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu.

Irin ìyan: ẹ gbé e lọ́wọ́. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá tó mílímítà méje tàbí mẹ́jọ, yóò gba ooru dúró, ẹran yóò sì bọ́ lára rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ti wáyà tín-ín-rín a máa tutù ní kété tí ẹran bá bọ́ lé e, ìdí nìyẹn tí awọ ẹja fi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ irin dídà tí wọ́n fi dígí bò lára, ẹ wò ó bóyá ó ti fọ́ níbì kankan, torí ibi tó bá fọ́ ni ìpẹtà yóò gbà wọlé. Páànù tí ọ̀rá ń kán sí gbọ́dọ̀ jìn, kí ó sì ṣeé fà jáde láti iwájú. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ máa sun súyà: yàjì kún fún kúlíkúlí, òróró ẹ̀pà sì ń kán sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Páànù tí kò ṣeé yọ ni kò sẹ́ni tó ń fọ̀, ibẹ̀ sì ni iná ọ̀rá ti ń ṣẹ́ yọ.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà olójú mẹ́ta yẹn bóyá bọ́nà àti irin ìbòrí rẹ̀ wà fún títà lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àwòṣe rẹ̀ sílẹ̀. Gíríìlì tí ẹ kò lè rí bọ́nà rẹ̀ rà, ọjọ́ tí bọ́nà bá lu ni ayé rẹ̀ parí. Irin ìbòrí kò le tó bẹ́ẹ̀: jórinjórin ní Dei-Dei tàbí ní Panteka ní Kàdúná lè gé òmíràn láti inú stainless mílímítà kan ààbọ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ bí ti àtijọ́. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ lọ kí ó fi wọn ún. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣe bọ́nà fún yín. Iye ihò, ìtóbi ihò àti ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló ń sọ bí iná yóò ṣe rí, ojú lásán kò sì lè wọn ìwọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí tòkunbọ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣègbé jù. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kà lára pátákó rẹ̀ ni irú gáàsì tó ń lò. Ilé púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ń lo gáàsì àdánidá tó ń gba páìpù ìgboro wọlé, gíríìlì bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní Natural Gas lára. Èyí tó wà nínú sílíńdà tiwa ni LPG, propane àti butane. LPG lágbára ju gáàsì àdánidá lọ dáadáa, ìfúnpá rẹ̀ sì pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ihò jẹ́ẹ̀tì gáàsì àdánidá, ìyẹn ẹnu idẹ kékeré tí gáàsì ń gbà tú sínú bọ́nà, fi tóbi. Ẹ so LPG mọ́ ọn, iná yóò ga fíofío, yóò pọ́n, yóò sì máa yọ èéfín dúdú sára oúnjẹ. Yíyí i sílẹ̀ díẹ̀ kò wo ìyẹn sàn. Àfi kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo jẹ́ẹ̀tì àti régúlétọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún LPG. Bí kò bá sí, ẹ má rà á.

Bí ó bá jẹ́ LP tàbí Propane ni wọ́n kọ, ó ku ìfúnpá. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ínǹṣì omi 11, ìyẹn bíi mílíbáà 27 sí 28, régúlétọ̀ tó ní 28 tàbí 30 lára yóò sì bá a ṣe. Ti Jámánì jẹ́ 50, ti propane nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 37. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ Jámánì tó fi régúlétọ̀ 30 sí i yóò máa rò pé gíríìlì rẹ̀ ti gbó, bẹ́ẹ̀ gáàsì ni kò tó o. Ẹnu régúlétọ̀ Amẹ́ríkà, tó ní ìdè rọ́bà ńlá tí a ń fọwọ́ yí, kì í wọ sílíńdà tiwa. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ ra èyí tó bá ẹnu sílíńdà yín mu, tí nọ́ńbà ìfúnpá rẹ̀ sì bá ti pátákó mu. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tàbí kí ó fi rọ́bà wé e kí ó lè wọlé. Bí mọ́tò tó ń yí adìẹ bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀, fólítì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá kì í bọ iná 230 tiwa, yóò jó lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n lè tún júwe gíríìlì tí jórinjórin ṣe fún yín, irú èyí tí àwọn tó ń yan ẹja fún títà ń lò. Irin rẹ̀ nípọn, ó sì lè pẹ́. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù lára rẹ̀ ni pé bọ́nà oníṣòwò tó ń gba gáàsì líle tààrà ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, pẹ̀lú régúlétọ̀ tí a ń yí sókè sódò. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń sáré yí ká.

Sílíńdà 12.5 kg ni kí ẹ fi ṣe é. Gáàsì inú sílíńdà jẹ́ omi, ó sì gbọ́dọ̀ fa ooru láti ara sílíńdà kí ó tó di afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi 3 kg gbé ojú mẹ́ta, sílíńdà yóò tutù débi tí omi yóò fi là á lára, iná yóò sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá gíríìlì lẹ́bi nítorí èyí. Nínú àpótí ìsàlẹ̀ gíríìlì, sílíńdà 9 kg ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi wọn àyè náà, 12.5 kg lè má wọ̀ ọ́. Ẹ má fi agbára tì í. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ọ́ọ̀sì tí kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kí ọ́ọ̀sì náà má ṣe gba abẹ́ àpótí iná kọjá. Ẹ fi gíríìlì sí ìta gbangba, ó kéré tán mítà kan sí ògiri. LPG wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbé; sílíńdà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ojú gọ́tà tàbí fèrèsé tó wálẹ̀. Ẹ má lò ó nínú ilé tàbí nínú gárájì, bí òjò ti wù kí ó rọ̀ tó.

Nígbà tí ẹ bá so ó tán, ẹ pa gbogbo ojú iná, ẹ ṣí sílíńdà, kí ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé láti ẹnu sílíńdà dé ara gíríìlì, ọṣẹ àti omi ní ìdajì-ìdajì. Ibi tó bá ń hó, ó ń jò níbẹ̀. Ẹ máa ṣe èyí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, kí ẹ sì yẹ ọ́ọ̀sì wò, torí oòrùn Àbújá ń la rọ́bà, eku sì ń jẹ ẹ́. Ìdérí gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbàkígbà tí ẹ bá ń tan iná. Bí kò bá tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí gáàsì tó ti dúró nínú àpótí lè lọ. Bí ọ̀rá bá gbiná, ẹ má da omi sí i: ẹ pa ojú iná, ẹ pa sílíńdà, ẹ dé ìdérí.

Ohun tó ń dààmú gíríìlì jù níbí ni ọyẹ́ àti aláǹtakùn. Eruku a máa di ihò bọ́nà, aláǹtakùn sì fẹ́ràn láti ta òwú sí ẹnu bọ́nà tó dojú kọ jẹ́ẹ̀tì. Gáàsì kò ní lè kọjá, yóò padà sẹ́yìn, iná yóò sì máa jó lábẹ́ ibi tí ẹ ń fọwọ́ yí. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ pa sílíńdà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́ àti nígbàkígbà tí ẹ kò bá lò ó fún oṣù kan, ẹ yọ bọ́nà, ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì gígùn tó rọ̀ bọ inú rẹ̀. Ihò ara bọ́nà, ẹ lè fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tú u. Ihò jẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án rárá: idẹ ni, ó rọ̀, bí ihò náà bá gbòòrò díẹ̀ báyìí, iná kò ní dára mọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ.

Iná tó dára jẹ́ aró, ó lè pọ́n díẹ̀ ní ṣóńṣó. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n, afẹ́fẹ́ kò tó. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kékeré tó wà ní ẹnu bọ́nà díẹ̀ sí i. Àwọn ará Jos, tí ìlú wọn ga tó bíi mítà 1,200 sí ojú òkun, máa ń nílò èyí ju ará Àbújá lọ. Bí gbogbo ojú bá kàn rọ láìpọ́n, tí sílíńdà sì kún, ó ṣeé ṣe kí régúlétọ̀ ti há ara rẹ̀ nítorí pé ẹ yára ṣí sílíńdà nígbà tí ojú iná ti wà ní ṣíṣí. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wá ṣí sílíńdà jẹ́jẹ́ kí ẹ tó tan ojú kankan.

Ó ku ohun kan tí ẹ máa ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n so olójú mẹ́ta yẹn mọ́ sílíńdà ní ìta, kí wọ́n tan gbogbo ojú rẹ̀, kí wọ́n yí wọn sílẹ̀ dé ibi tó kéré jù, kí ẹ sì dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná yẹn kò gbọdọ̀ kú bí atẹ́gùn díẹ̀ bá fẹ́, kò sì gbọdọ̀ kúrú lápá kan kí ó ga lápá kejì. Ẹ di ìdérí mú, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì: bí ó bá ń jìgìjìgì nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ìdè rẹ̀ kò dáa. Bí òǹtajà bá kọ̀ láti tàn án lójú yín, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.